Ọmọlangidi Lórí Tábìlì: Ipò Oníṣẹ́ Ọwọ́ Nínú Fíìmù Àfọwọ́ṣe

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba fún àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Kotto, Douala

 

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ohun tí mo bá wá. Bí ọmọ kan bá ní òun fẹ́ máa ṣe kátúùnù, kíá la ó ní kó lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Kò burú. Ṣùgbọ́n irú kátúùnù kan wà tó jẹ́ pé káfíńtà, télọ̀, wẹ́dà àti agbẹ́gilére ló yẹ ká kọ́kọ́ ké sí. Ọwọ́ wọn ni ìmọ̀ tó ṣòro jù nínú rẹ̀ wà.

Ọmọlangidi ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á kọ́ ilé kékeré fún un lórí tábìlì, wọ́n á yà á ní fọ́tò. Wọ́n á wá ṣí apá rẹ̀ nípò díẹ̀, kó má ju ìbú hóró ìrẹsì kan lọ, wọ́n á tún yà á. Fọ́tò 24 ló ń kọjá lójú òǹwòran ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ máa ń lo fọ́tò kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, kó lè jẹ́ pé ìgbà 12 péré ni wọ́n á ṣí ọmọlangidi náà. Síbẹ̀, 720 nìyẹn fún ìṣẹ́jú kan, 3,600 fún fíìmù ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹni tó ń ṣí i gbọ́dọ̀ máa rántí ibi tí ìka kọ̀ọ̀kan ti ń bọ̀ àti ibi tó ń lọ.

Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dáadáa ni Moustapha Alassane, ọmọ orílẹ̀-èdè Niger. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ló kọ́. Ní Niamey ló ti bá Jean Rouch, oníṣẹ́ fíìmù, pàdé, ó sì dé Kánádà, níbi tó ti kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Norman McLaren, oníṣẹ́ kátúùnù. Yíyà ló ya La mort de Gandji ní 1965 àti Bon voyage, Sim ní 1966. Nígbà tó di 1977 ló gbé Samba le Grand jáde, ọmọlangidi ló sì fi ṣe é. Ní 2001 ló ṣe Kokoa, níbi tí ọ̀gà, ọ̀pọ̀lọ́ àtàwọn ẹranko mìíràn ti ń ja ìjàkadì. Ó papò dà ní 2015.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí Kokoa. Nínú gbogbo ohun tí ọmọlangidi lè ṣe, mi ò rò pé ọ̀kan le tó ìjàkadì. Ara méjì ti so kọ́ra. Bí o bá ṣí apá ẹnì kan, èjìká ẹnì kejì á bá a lọ. Oríkèé wọn gbọ́dọ̀ rọ̀ kí ọwọ́ lè tẹ̀ ẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ le kó lè dúró síbi tí a bá fi í sí. Mẹkáníìkì mọ èyí kó tó mọ fíìmù. Lójú tèmi, iṣẹ́ tí Alassane kọ́kọ́ kọ́ yẹn wúlò fún un nídìí ọmọlangidi tó ohunkóhun tó kọ́ ní Kánádà.

Kì í ṣe òun nìkan. Ní Kóńgò, Jean-Michel Kibushi dá Studio Malembe Maa sílẹ̀ ní 1988, ó sì fi ọmọlangidi ṣe Prince Loseno ní 2004. Àwa náà ńkọ́? Àwọn agbẹ́gilére Gẹ̀lẹ̀dẹ́ máa ń gbẹ́ ère sórí ìbòjú, ère tó ní apá tàbí ẹnu tó ń mì bí oníjó bá fa okùn tó so mọ́ ọn. UNESCO ti kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001 pé ogún gbogbo ayé ni. Ẹni tó gbẹ́ irú ère bẹ́ẹ̀ ti mọ ìṣirò oríkèé tipẹ́.

Ní Kamẹrúùnù níbí, Claye Edou ti gbé Minga et la cuillère cassée jáde ní 2017. Yíyà ni ìyẹn ní tirẹ̀, iṣẹ́ ńlá sì ni. Kò sí ohun tó ní kí fíìmù ọmọlangidi má bá a rìn.

Ìlú yìí ní ìṣòro tirẹ̀ o. Òjò tó ń rọ̀ ní Douala lọ́dún ju mítà mẹ́ta lọ. Gúlúù kì í tètè gbẹ, igi ń wú, amọ̀ elépo tí wọ́n ń lò nílẹ̀ òkèèrè á sì rọ̀ lábẹ́ iná. Nítorí náà, wáyà ni kí ẹ fi ṣe egungun, fóòmù ni kí ẹ fi ṣe ẹran ara, àjákù ańkárá ni kí ẹ fi rán aṣọ rẹ̀. Igi tó fúyẹ́ ni kí ẹ fi gbẹ́ orí. Ẹ jẹ́ kí bóòtù kékeré gba abẹ́ tábìlì wọ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò ṣubú nígbà tó bá gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Agolo tòmátò tí a là, tí a fi ìdí ìṣó fa ìlà sí lára, páànù ilé Kotto gan-an nìyẹn, ìpẹtà rẹ̀ náà á sì wá fúnra rẹ̀. Ẹ dí fèrèsé pa, nítorí oòrùn ń rìn, òjìji sì ń bá a rìn. Bátìrì ni kí ẹ so gílóòbù mọ́, kí iná má lọ láàárín iṣẹ́. Fóònù tó dára, tó dúró gbọin, tó kámẹ́rà.

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì nípa ohun àlòpatì, kó lọ wo ère La Nouvelle Liberté ní Deïdo. Irin àtijọ́ àti ẹ̀yà ọkọ̀ ni Joseph-Francis Sumégné fi gbé e dìde ní 1996, ó sì ga tó mítà 12.

Òótọ́ ni pé kọ̀ǹpútà yá jù. Bí fíìmù bá gùn, tí èrò inú rẹ̀ sì pọ̀, òun ni mo máa gbà yín níyànjú láti lò. Ṣùgbọ́n lára ọmọlangidi, ẹ ó rí ibi tí ọwọ́ èèyàn ti kan aṣọ, tí òwú rẹ̀ ń gbọ̀n láti fọ́tò kan sí èkejì. Mo fẹ́ràn ìgbọ̀n yẹn gan-an, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nù ún kúrò.

Ẹ̀yin tí ẹ lọ́mọ ní Kotto, mo bẹ̀ yín. Ẹ mú ìtàn ìjàpá kan tí kò ní ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ pe télọ̀ àti káfíńtà àdúgbò, kí àwọn ọmọ yín jókòó tì wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ san owó iṣẹ́ wọn pé, kí ẹ sì kọ orúkọ wọn gàdàgbà sí iwájú fíìmù náà.