Ẹnu Ọ̀nà Ta Ni A Ó Lóṣòó Sí?



Gbogbo wa la mọ òṣómàálò. Àwọn Ìjẹ̀ṣà a máa kiri aṣọ láti ìlú dé abúlé, wọn a tà á láwìn, wọn a sì máa gbowó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí onígbèsè bá ṣe bí ẹni gbàgbé, òṣómàálò a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kò ní dìde títí yóò fi gbowó. Àwọn kan ń fi wọ́n ṣẹ̀sín. Àwa kò rí ẹ̀gàn níbẹ̀: olówó mọ onígbèsè, onígbèsè mọ olówó.

Jersey kò rí bẹ́ẹ̀. Erékùṣù kékeré ni, lẹ́bàá ilẹ̀ Faransé, lábẹ́ adé Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ fi díẹ̀ lé ní 100,000. Òṣogbo nìkan pọ̀ jù wọ́n lọ. Òfin owó orí tiwọn ni wọ́n ń lò. Láti 2009, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ibẹ̀ kì í san kọ́bọ̀ lórí èrè. Nígbà tí ètò yìí bẹ̀rẹ̀, báńkì ń san 10 nínú 100. A kò pe gbogbo wọn lólè o. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n tọ́jú owó olówó, kí wọ́n sì panu mọ́.

Owó tiwa náà dé ibẹ̀. Nígbà ìjọba Ọ̀gágun Abacha, 1993 sí 1998, wọ́n kó owó ìlú jáde. Orúkọ ilé iṣẹ́ kan, Doraville, ni wọ́n fi pa mọ́. British Virgin Islands, erékùṣù mìíràn, ni wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Jersey ni owó wà. Ta ni ìbá mọ ẹnu ọ̀nà Doraville kó lọ lóṣòó síbẹ̀? Lẹ́yìn ẹjọ́ gbọọrọ, ní oṣù kejì 2020, Jersey, Amẹ́ríkà àti Nàìjíríà fọwọ́ síwèé pé kí ó lé ní mílíọ̀nù 300 dọ́là padà wálé, fún ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ọ̀nà Abuja sí Kano, àti afárá kejì lórí Odò Ọya. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ ṣírò iye táyà tí ẹ ti bàjẹ́ nínú kòtò ọ̀nà Ìbàdàn.

Wọ́n lè ta ilé iṣẹ́ mọ́ wa lórí lọ́la, kí ọ̀gá tuntun jẹ́ orúkọ lásán ní erékùṣù. Bí wọ́n bá jẹ wá lówó ìfẹ̀yìntì, ta ni a ó bi? Òfin ilé iṣẹ́ ti 2020 ní kí wọ́n sọ orúkọ ènìyàn gidi tó ni ín. Láti 2023, àjọ CAC ti ṣí ìwé orúkọ wọ̀nyí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Akọ̀wé wa yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó jókòó dúnàádúrà. Bí kò bá rí orúkọ ènìyàn níbẹ̀, a kò ní fọwọ́ sí nǹkan kan.