Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ ìtẹ̀síwájú ìlú wa)



Ọ̀rọ̀ wa dá lórí PowerPoint, èyí tí a fi ń gbé àlàyé sára ògiri fún àwùjọ. Ọdún 1987 ni ó kọ́kọ́ jáde fún kọ̀ǹpútà Macintosh. Ní ọdún náà gan-an ni Microsoft ra Forethought, ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é, ní mílíọ̀nù 14 dọ́là. Lónìí ó ti wọ ilé-ìwé, ó ti wọ ilé ìpàdé. Ṣùgbọ́n lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa, síláìdì kìíní ni yóò ṣáájú, èkejì yóò tẹ̀ lé e, títí dé òpin. Bí àgbà kan bá dìde tí ó bèèrè owó kànga nígbà tí a ń sọ̀rọ̀ ọ̀nà, a ó ní kí ó ṣe sùúrù. Kí a tó débẹ̀, ilẹ̀ ti ṣú, èrò ti ń túká. Ẹni tí ó sì dáwó lẹ́ẹ̀kan tí kò rí ìdáhùn gbà, ọwọ́ rẹ̀ kì í yá sí ìdáwó mìíràn.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Líǹkì àti bọ́tìnì ni a fi ń la ọ̀nà púpọ̀ sínú síláìdì, kí ó lè tẹ̀ lé ìbéèrè àwùjọ.

Ẹ jẹ́ kí síláìdì kìíní dà bí oríta, kí ẹ kọ orúkọ ọ̀ràn kọ̀ọ̀kan sí i: Kànga, Ọ̀nà, Ilé-ìwé, Owó. Ẹ fa máòsì kọjá lórí ọ̀kan, ẹ tẹ Ctrl àti K pọ̀, ẹ mú "Place in This Document", kí ẹ sì yan síláìdì tí ó bá a mu. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Insert, ẹ ṣí Shapes. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni Action Buttons wà. Ẹ mú èyí tí ó ní àwòrán ilé, kí ẹ yà á sí gbogbo síláìdì yòókù. Òun ni yóò máa dá wa padà sí oríta.

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ kíyèsí. Èkíní, ẹ tẹ F5 kí ẹ tó dán bọ́tìnì wò. Èkejì, bí ọwọ́ bá ṣi bọ́tìnì, síláìdì tí ó kàn ni yóò ṣí. Nítorí náà, ẹ lọ sí Transitions, kí ẹ yọ àmì tí ó wà níwájú "On Mouse Click" lórí gbogbo síláìdì. Ẹ̀kẹta, bí líǹkì bá lọ sínú fáìlì mìíràn, kí ẹ máa gbé fáìlì méjèèjì rìn pọ̀.

Ní kíláàsì, àwa olùkọ́ lè kọ ìbéèrè kan, kí a fi bọ́tìnì mẹ́ta ṣe ìdáhùn. Ọmọ tí ó bá ṣì í yóò bọ́ sí síláìdì tí ó ṣàlàyé ìdí rẹ̀, bọ́tìnì ibẹ̀ yóò sì dá a padà kí ó tún un gbìyànjú. Kò sí ẹni tí yóò fi í ṣẹ̀sín.

Ẹ̀yin ará ìdálẹ̀ náà, a lè fi ìròyìn ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí yín báyìí, kí olúkúlùkù tẹ ohun tí ó ń dùn ún lọ́kàn. Ṣùgbọ́n bọ́tìnì kì í kọ ìṣirò owó fún ẹnikẹ́ni. Bí a bá kọ "Owó" sára rẹ̀, kí owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde wà lẹ́yìn rẹ̀ ní kíkún.

Kí Ọlọ́run bá wa tún ìlú wa ṣe.