Bí Kílọ́ọ̀ṣì Bá Ń Rì

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń wa ọkọ̀ tí a ń fọwọ́ yí jíà rẹ̀ lọ̀rọ̀ yìí kàn jù.

Bí ẹ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì tó rì bíi tìmùtìmù, tí jíà ò wọlé, ẹ má tíì sọ pé ó ti jó. Ẹ yẹ pọ́ńpù rẹ̀ wò, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. Bí ọ̀kan bá ń jò, ó sàn kí ẹ pààrọ̀ méjèèjì. Ẹgbẹ́ ni wọ́n. Ẹ má sì wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e dúró.

Lẹ́yìn náà, ẹ lé afẹ́fẹ́ jáde. Ọ́ìlì kì í fún pọ̀, afẹ́fẹ́ ló ń fún pọ̀; ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ fi ń rì. Ọwọ́ kan kì í gbẹ́rù dórí: ẹnì kan á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á dúró bẹ́ẹ̀. Ẹnì kejì á fi sípánà tú nípùlù pọ́ńpù ìsàlẹ̀ díẹ̀, kí ọ́ìlì àti ìfófòó gba inú rọ́bà bọ́ sínú ìgò. Á dí i kí ẹni òkè tó gbẹ́sẹ̀. “Tẹ̀ ẹ́!” “Mo ti tẹ̀ ẹ́!” Bẹ́ẹ̀ títí ìfófòó á fi tán.

Ọ́ìlì búréèkì tí ìwé ọkọ̀ yín bá dárúkọ, DOT 3 tàbí DOT 4, ni kí ẹ lò. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì a máa ba rọ́bà inú pọ́ńpù jẹ́.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, agolo kan náà ló ń bọ́ kílọ́ọ̀ṣì àti búréèkì. Ẹ máa bù kún un. Bó bá gbẹ, afẹ́fẹ́ lè wọ búréèkì, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sì nìyẹn. Ẹ dán búréèkì wò kí ẹ tó jáde nílé.