Ọmọ Wa Ń Lọ Sí Gírámà

  A mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín ti ọjà yà síbí, kò tilẹ̀ tíì délé.  A ò ní pẹ́.

Olùkọ́ yín ló ní ká wá bá yín sọ̀rọ̀. Ó ní ọ̀pọ̀ nínú yín ló ní ọmọ ní páráímárì aládàáni, àti pé ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde. Ó ní ẹ máa ń bi òun pé ilé-ìwé gírámà wo ni kí ẹ mú un lọ. Àwa tí a wá síbí, tọkọtaya ni wá. Aṣọ ni bàbá ń rán, ata ni ìyá ń tà, Ìbàdàn níbí ni a ń gbé. Ọmọ mẹ́ta ni a ti mú kúrò ní páráímárì aládàáni lọ sí gírámà aládàáni. A ṣìṣe lórí àkọ́kọ́. Àṣìṣe náà ni a fẹ́ sọ fún yín. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Obìnrin ni àkọ́bí wa. Ọmọ náà mọ̀wé. Lọ́jọ́ ayẹyẹ ìjáde wọn, wọ́n wọ ẹ̀wù dúdú gbàgẹ̀rẹ̀ fún un, wọ́n fi fìlà onígun mẹ́rin dé e lórí, bí ẹni tó jáde yunifásítì. A ya fọ́tò. Inú wa dùn débi pé a ò ronú mọ́. Ilé-ìwé gírámà kan wà lójú ọ̀nà tí a ń gbà lọ sọ́jà. Gẹ́ètì rẹ̀ ń dán. Ó ní bọ́ọ̀sì méjì. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ń wọ kóòtù nínú oòrùn yìí. Kí ni ọmọ ń fi kóòtù ṣe ní Ìbàdàn? A ò bi ara wa nígbà náà. A ní ibẹ̀ ni ọmọ wa yóò lọ.

Wọ́n fún wa ní ìwé méjì, wọ́n ní ká fọwọ́ sí i. Àwa méjèèjì ò tíì mọ̀wé kà nígbà náà. Akọ̀wé ibẹ̀ gbé yíǹkì wá, a tẹ̀ka. A bi í pé èló ni. Owó táàmù kìn-ínní nìkan ló dá fún wa. Àjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí wa lọ́wọ́ lóṣù náà, a san án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Díẹ̀ ló kù ká jó délé.

Ohun tó wà nínú ìwé méjèèjì ni a kò mọ̀. Ó wà níbẹ̀ pé a ó san owó kọ̀ǹpútà ní táàmù kejì. Ó wà níbẹ̀ pé owó bọ́ọ̀sì kò sí nínú owó ilé-ìwé. Ó wà níbẹ̀ pé aṣọ eré ìdárayá, aṣọ ọjọ́ Ẹtì, àti gbogbo ìwé kíkà, ọ̀dọ̀ wọn nìkan ni a ti gbọ́dọ̀ rà á. Nísàlẹ̀ pátápátá, ó wà níbẹ̀ pé ọmọ tó bá jẹ gbèsè kò ní rí èsì ìdánwò rẹ̀ gbà. Gbogbo rẹ̀ ni a tẹ̀ka sí.

A fà á títí dé JSS 2. Lọ́dún náà ata wọ́n, ọjà ò tà, ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá sì bàjẹ́. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé tí ìdánwò bẹ̀rẹ̀, wọ́n dá ọmọ wa padà ní gẹ́ètì. Ó wá bá ìyá rẹ̀ ní ìsọ̀. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń kọjá lọ sílé nírọ̀lẹ́, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn apẹ̀rẹ̀ ata, bí ẹni tó ń wá nǹkan. A rí i. A ò lè sọ̀rọ̀.

A ní ká mú un lọ sí ilé-ìwé mìíràn tí owó rẹ̀ kéré. Àwọn yẹn béèrè èsì ìdánwò rẹ̀ àti ìwé pé ó ti kúrò níbi tó wà. Ibi tó wà ò fún wa ní ọ̀kankan, àfi ká san gbèsè tán. Táàmù méjì kọjá ká tó san án tán. Ó tún JSS 2 ṣe. Ọmọ tó mọ̀wé ni o. Àwa òbí rẹ̀ ni a fìdí rẹmi.

A kì í bú ilé-ìwé náà. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀, wọ́n sì fi hàn wá. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí ni ìyá kọ́kọ́ lọ sí kíláàsì ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà bí irú èyí. Bàbá tẹ̀ lé e lọ́dún kejì. (Ó ní òun ò fẹ́ kí ìyàwó òun máa ka ìwé tí òun ò lè kà. Ẹ má rẹ́rìn-ín.)

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Gírámà, ọdún 6 ni: JSS ọdún 3, SS ọdún 3. Táàmù 3 ló wà nínú ọdún kan. Táàmù 18 nìyẹn. Bí ẹ bá dúró níwájú akọ̀wé, owó táàmù kan ni yóò pè fún yín, àmọ́ táàmù 18 ni ẹ fẹ́ san. Ẹ jẹ́ ká fi iye kan ṣe àpẹẹrẹ. Bí táàmù kan bá jẹ́ náírà 40,000, ọdún kan jẹ́ 120,000, ọdún 6 jẹ́ 720,000. A ò tíì ka owó ìwọlé, aṣọ, ìwé, ọkọ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán. A ò tíì ka owó ìdánwò ìparí JSS 3 àti ti WAEC. Owó náà kò sì ní dúró sójú kan fún ọdún 6. Ta ló ra gàrí ní iye tí ó rà á ní ọdún 6 sẹ́yìn?

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ iye kan, ẹ má ṣe béèrè lọ́wọ́ ara yín pé, "Ṣé a lè san án?" Ẹ béèrè pé, "Ní ọdún tí ọjà ò bá tà, ṣé a lè san án?" Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ọmọ ẹgbẹ́ àjọ yín lè mú ọmọ tirẹ̀ lọ síbi tí owó rẹ̀ pọ̀. Ẹ kí i kú oríire. Àpò rẹ̀ yàtọ̀ sí tiyín.

Ẹlòmíràn á ní, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀ ilé-ìwé ìjọba?" A ó sọ ọ́. Òfin ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣe ní ọdún 2004 sọ pé ọdún 9 àkọ́kọ́, páráímárì 6 àti JSS 3, ọ̀fẹ́ ni ní ilé-ìwé ìjọba, dandan sì ni fún gbogbo ọmọ. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀. Ọmọ wa kẹta lo ọdún kan níbẹ̀ nígbà tí ọwọ́ wa ò ká ti aládàáni, kò sì gọ̀. Ohun tí àwa rí ni pé èrò inú kíláàsì pọ̀, ẹ sì ní láti máa wo ìwé ọmọ yín lálẹ́. Ó sàn kí ọmọ wà ní ilé-ìwé ìjọba fún ọdún 6 láìjókòó sílé ju kó wà ní ti aládàáni fún ọdún kan ààbọ̀, kó wá máa bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn apẹ̀rẹ̀ ata.

Sísan owó gírámà kì í ṣe ohun tuntun nílẹ̀ wa. Ilé-ìwé gírámà tó kọ́kọ́ wà ní Nàìjíríà, ti ìjọ CMS ní Èkó, ọdún 1859 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ọmọ 6 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, àwọn òbí ń fi owó kòkó àti owó ẹní títà rán ọmọ lọ sí gírámà. Nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ínní ọdún 1955, páráímárì nìkan ni. Ọdún 1979 ni ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ògùn, Òǹdó àti Èkó tó sọ gírámà náà di ọ̀fẹ́. Àwọn àgbà tó wà lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn rántí rẹ̀ dáadáa, a rí i bí wọ́n ṣe ń mi orí.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ ìwé. Kí ọmọ tó kúrò ní páráímárì, ẹ san gbèsè tó bá wà níbẹ̀, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ẹ má ní, "A ó padà wá gbà á." Ilé-ìwé aládàáni kékeré lè kó kúrò, ó sì lè ti ilẹ̀kùn pa. Bí ẹ bá gba ìwé náà, ẹ dúró níbẹ̀, kí ẹ ka orúkọ ọmọ yín létà kọ̀ọ̀kan. Ọmọ wa kejì ń jẹ́ orúkọ kan nílé, òmíràn ni wọ́n kọ sí ìwé ẹ̀rí rẹ̀, nítorí olùkọ́ kan fi létà kan sílẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ ìbí náà. Orúkọ yìí ni yóò bá a dé WAEC. Láti ọdún 2021, ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò JAMB gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN, bí orúkọ ibẹ̀ bá sì yàtọ̀ sí ti WAEC, ìyọnu dé.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn òbí kì í fẹ́ gbọ́. Ọdún 6 ni páráímárì. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé aládàáni a máa jẹ́ kí ọmọ ṣe ìdánwò ìwọlé, tí àwọn ọmọ ń pè ní kọ́mọ̀n, ní ọdún karùn-ún, kó sì bọ́ sí JSS 1 láìdé ọdún kẹfà. Inú òbí a máa dùn pé òun fi owó ọdún kan pamọ́. Ọmọkùnrin wa yege nínú kọ́mọ̀n yìí nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 9. A wò ó. Olùkọ́ kan ṣoṣo ló ti ń kọ́ ọ, tó mọ̀ ọ́n bí ọmọ tirẹ̀, nínú kíláàsì ọmọ 14. Ní JSS 1, olùkọ́ bíi mẹ́wàá ni yóò máa wọlé sí wọn, oníkálukú pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò bi í bóyá ó jẹun. Kò tilẹ̀ tíì lè dá ọ̀nà títì kọjá. A ní kó dúró ṣe ọdún kẹfà. Ó sunkún ní ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta ó gbàgbé.

Ní ilé-ìwé tuntun, ẹ béèrè ìwé àṣẹ ìjọba ìpínlẹ̀. Bí wọ́n bá ní i, wọn ò ní bínú. Ẹ kà á, nítorí òmíràn wà tó jẹ́ pé JSS nìkan ni àṣẹ wọn dé. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè pé, "Ṣé níbí gan-an ni ọmọ yóò ti ṣe WAEC?" Kì í ṣe gbogbo ilé-ìwé ni WAEC fọwọ́ sí. Àwọn tí kò fọwọ́ sí a máa kó ọmọ lọ ṣe é níbòmíràn, òbí ni yóò sì san owó ọkọ̀ àti owó àfikún. Ọ̀nà kan tún wà tí àwa fi ń mọ ilé-ìwé: ẹ lọ dúró lẹ́bàá gẹ́ètì nígbà tí wọ́n bá jáde, kí ẹ bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Ẹ bi wọ́n pé olùkọ́ ìṣirò wọn ń kọ́? Bí wọ́n bá wojú ara wọn, ó ti yé yín.

Nígbà tó kan ọmọkùnrin wa, a gba ìwé owó lọ́wọ́ akọ̀wé, a ní a ń mú un lọ sílé. Ó ní gbogbo òbí a máa fọwọ́ sí i níbí ni. A ní a ó kà á ná. Alẹ́ mẹ́ta ni a fi kà á, lábẹ́ iná ẹ̀rọ ìránṣọ, ìyá ń pe létà, bàbá ń kọ iye. A rí ohun méjì tí kò yé wa. A padà lọ béèrè. Wọ́n yọ ọ̀kan kúrò.

Ìwé náà rèé. A ti pa orúkọ ilé-ìwé rẹ́ níbẹ̀. Olùkọ́ yín ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ó ń pín in bọ̀. Ẹni tó ní gíláàsì, kó wọ̀ ọ́. Ìyá tó jókòó níwájú yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ka ìlà kìn-ínní.