Ẹ Má Tíì Mú Ìgbálẹ̀: Ọ̀rọ̀ Eku Inú Kábíìnì

Òtútù ti ń lọ, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ háyà kábíìnì fún ìsinmi, ẹ gbọ́ tèmi kí ẹ tó gbéra.

Lọ́dún tó kọjá, àwa ìdílé mẹ́ta háyà ọ̀kan níbí ní Alberta. Bá a ṣe ṣílẹ̀kùn, ìgbẹ́ eku lábẹ́ síńkì, ìgbẹ́ eku lórí bẹ́ẹ̀dì. Àǹtí kan láàárín wa ti gbá ìgbálẹ̀ mú. Mo pariwo pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbá a!" Wọ́n ní ṣé eku náà ni mò ń sá fún, àwọn tí wọ́n fi òkété àti ẹmọ́ dàgbà?

Ẹ̀rín pa gbogbo wa. Ṣùgbọ́n jíjẹ kọ́ ni wàhálà tibí, mímí ni. Eku kékeré kan wà ní ilẹ̀ yìí àti Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní deer mouse, inú rẹ̀ funfun, ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun. Ó lè ní àrùn hantavirus nínú ìtọ̀, itọ́ àti ìgbẹ́ rẹ̀. Bí ìyẹn bá gbẹ, tí ẹ wá gbá a, eruku rẹ̀ lẹ máa fà símú. Lọ́dún 2012, àwọn 10 tó lọ sinmi ní Yosemite, ní California, kó àrùn yìí. Inú àgọ́ tí eku kọ́lé sáàárín ògiri rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn sùn. Àwọn mẹ́ta kú.

Nítorí náà, a ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, a jáde fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Mo wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Mo po bílíìṣì ife kan mọ́ omi ife mẹ́sàn-án, mo wọ́n ọn títí gbogbo rẹ̀ fi rin, mo dúró fún ìṣẹ́jú 5, mo fi tíṣù nù ún, mo dì í sínú náílọ̀n méjì. Ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ oníná náà ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀, eruku kan náà ló máa fọ́n.

Ẹ wá ihò wò. Ibi tí pẹ́ńsùlù bá ti lè wọ̀, eku yìí lè wọ̀ ọ́. Kànìnkàn onírin ni kí ẹ fi dí i. Ẹ fi ẹ̀pà lílọ̀ díẹ̀ sí pàkúté, kí ẹ kọjú rẹ̀ sí ògiri, torí ẹ̀gbẹ́ ògiri ni eku ń gbà. Èmi ò fẹ́ràn májèlé: inú ògiri ló máa lọ kú sí, òórùn á sì lé yín jáde.

Bí ibà àti ara ríro bá mú yín láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́jọ, ẹ má gbé paracetamol mì kí ẹ sùn. Ẹ lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ sì fẹnu ara yín sọ fún dókítà pé ẹ sùn níbi tí eku wà, torí wọn ò ní mọ̀ láti béèrè. Ẹ má dúró kí èémí yín tó máa há.

Ẹ bá mi fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tó ti sanwó kábíìnì.