Ojú Kan Ni Àlejò Ń Kọ́kọ́ Rí
Ẹ̀yin ará Kétu, ọ̀dọ́ tó ń ránṣọ, tó ń ya fọ́tò, tó tún ń kọrin, tó wá fẹ́ ní ìkànnì tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ni kó kọ́kọ́ fi han àlejò? Kó lọ wo ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa, àṣà tí UNESCO bu ọlá fún ní 2001. Ojú ènìyàn ló wà nísàlẹ̀, ó tutù, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Òkè orí ni agbẹ́gilére ń kó ayé lé: ẹyẹ, ejò, alùpùpù, àní ẹ̀rọ ìránṣọ pàápàá. Ọmọ mi, bẹ́ẹ̀ náà ni kí ìkànnì rẹ rí: orúkọ rẹ, àwòrán rẹ àti gbólóhùn kan péré ni kó ṣíwájú. Fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀. Má tìtorí ọ̀kan pa èkejì tì.