Tábìlì Tí Ó Sán ní Ìgbà Ọyẹ́

(Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kan sọ ní ìpàdé ọdún ẹgbẹ́ wa)



Ẹgbẹ́ wa fẹ́ ṣe tábìlì sí gbọ̀ngàn ìlú. Kí a tó náwó, mo ní ohun kan láti jẹ́wọ́.

Ní abúlé kan ní apá Lágelú, níbi tí mo ti ṣe olùkọ́ rí, a gbé iṣẹ́ tábìlì fún ọ̀dọ́mọkùnrin gbẹ́nàgbẹ́nà kan. Ìgbà òjò ni ó ṣe é. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ojú tábìlì náà sán gbọọrọ. A ní igi tútù ni ó fi tàn wá jẹ. A kò san ìyókù owó rẹ̀. Èmi wà lára àwọn tí ó dá a lẹ́bi. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ìrókò gbígbẹ ni ó lò, ìrókò sì wà lára igi tí kì í súnkì púpọ̀. Ṣùgbọ́n igi gbígbẹ pàápàá a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ ní ìgbà òjò, a sì wú. Bí ọyẹ́ bá dé, a súnkì. Òòró rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Ìbú rẹ̀ ni ó ń yí. Pákó tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 3 lè fi ìdámẹ́rin íǹṣì dín. Igi ìdábùú abẹ́ rẹ̀ kì í bá a dín, nítorí òòró tirẹ̀ ni ó dojú kọ ìbú pákó. Bí a bá fi gúlúù àti ìṣó dè wọ́n pinpin, kí ni pákó yóò ṣe bí kò bá sán?

Nítorí náà, kí a má fi gúlúù lẹ ojú tábìlì mọ́ férémù. Kí a fi ìṣó tí à ń yí wọlé dè é le ní àárín igi ìdábùú nìkan. Ihò ìṣó ìyókù tí a lu sára férémù, kí ó gùn díẹ̀ sí ìhà ìbú pákó, kí ìṣó lè rìn nínú rẹ̀.

Nígbà tí olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan là mí lóye, mo wá ọmọkùnrin náà lọ, a sì san owó rẹ̀ pé. Ó tú tábìlì náà, ó tún un dè bí mo ti wí yìí. Ó ti rí ọyẹ́ púpọ̀ láti ìgbà náà, kò sì sán mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ ọ̀nà yìí sínú àdéhùn wa pẹ̀lú gbẹ́nàgbẹ́nà, kí owó ìlú má ṣòfò, kí a má sì ba orúkọ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́.